Ìbàdí Ṣòkòtò Kì í Ṣe Àkọ̀

Òjò ti dáwọ́ dúró ní Iléṣà, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àsìkò yìí ni àwọn káfíńtà máa ń rí iṣẹ́ òrùlé ṣe jù lọ, torí pé kò sí onílé tó fẹ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ pa ògiri òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọdún 1994, Ọdúntán jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tán, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì kọrí sí àdúgbò Ìmọ̀, níbi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Olúmúyìwá ti ń kan òrùlé ilé tuntun kan. Phebe, ìyàwó rẹ̀, ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà níwájú ilé wọn ní Òkèṣà. Kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ náà máa yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn.

Ọdúntán kì í ṣe káfíńtà tó máa ń fi ìṣó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níbi tí igi bá ti pàdé igi, ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ojú méjèèjì kí wọ́n wọ inú ara wọn kó tó kan ìṣó kankan. Ìdí nìyí tí ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í fi í jìnnà sí i. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí ni, tí a fi igi ṣe èèkù rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pọ́n ọn lórí òkúta, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó máa ń fi fá irun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láti fi han àwọn èèyàn.

Níbo ló wá ń fi irin tó mú tó báyìí sí? Ìbàdí ni. Á ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́líìtì níwájú, á jẹ́ kí èèkù yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, á wá fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà mú, ó di orí òrùlé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olúmúyìwá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá lọ síbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà náà, bí o ṣe máa bá wọn nìyẹn, tí ṣísẹ́ẹ̀lì ń yọjú ní ìbàdí wọn, tí wọ́n sì ń fi í ṣe fáàrí.

Phebe nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀, òun ló sì ń rí ẹ̀rí. Kò sí ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí kò lẹ̀ níwájú, ní ibì kan náà, níbi tí ẹnu irin ti jẹ aṣọ. Ó bá a sọ ọ́ títí. Ó ní ohun tó lè jẹ kàkí yìí, kí ni yóò fi ara ṣe? Ọdúntán á rẹ́rìn-ín, á ní bí irin kò bá jẹ ṣòkòtò, ọwọ́ àwọn ìránṣọ á dilẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń parí. Èèyàn kì í ka ihò ara ṣòkòtò sí ìkìlọ̀, kó ṣáà ti lẹ̀ ẹ́ ló mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, baba Phebe dé láti Ìpẹ́rindó. Bàbá Béjidé ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ olóko kòkó, tó tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Ìpàdé ìjọ ló gbé e wá sí Iléṣà. Ó yà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbé iṣu tó mú wá kalẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ lọ fi ojú òun rí iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, torí wọ́n ń yin òrùlé náà ní ibi ìpàdé. Phebe ṣàpèjúwe ibẹ̀ fún un.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú èèyàn tí bàbá yìí jẹ́. Kò ní ìkanra, kì í sì í ṣe ọ̀kánjúwà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré rárá. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ kan ní ilé rẹ̀. Ọdúntán wọlé, ó tẹ̀ba díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ìlú ńlá ti ń ṣe, ó sì ti fẹ́ jókòó. Bàbá kò dá a lóhùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo Ọdúntán, ó wá bèèrè níwájú gbogbo àlejò pé, “Ṣé ilẹ̀ ulé mi gbóná ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ọdúntán tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún un. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kó ti rí baba ìyàwó rẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrọ̀fọ̀, ńṣe ló máa ń na gbalaja.

Orí igi òrùlé ni Ọdúntán wà lọ́jọ́ náà tó fi rí i tí bàbá ń bọ̀ láàárín yanrìn àti bíríkì, ó gbé fìlà lé orí, ó ń wòkè. Inú Ọdúntán dùn. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni àna ẹni máa ń wá wo iṣẹ́ ẹni. Ó ti ṣísẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ ìbàdí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà wéréwéré, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò ní àyà rẹ̀. Bó ṣe dé iwájú bàbá, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ sà,” ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Bàbá ń súre fún un. Ó ní Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó dìde. Ọdúntán kò dìde. Bàbá tún ní ó tó, kó dìde. Nígbà náà ni Ọdúntán gbé orí sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, ó ti wọ̀ mí lára.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Nígbà tó na gbalaja, èèkù ṣísẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ti èèkù náà, èèkù ti irin, irin kò sì ríbi gbà ju ara olówó rẹ̀ lọ. Ó wọlé sí ibi tí ìsàlẹ̀ ikùn ti pàdé itan, níbi tí àwọn iṣan ńláńlá ń gbà kọjá.

Olúmúyìwá bẹ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé. Ó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìfẹ́ náà ló sì mú kó ṣe àṣìṣe kejì. Ó yí i padà, ó rí èèkù tó yọ síta, ó sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ìpayà mú gbogbo wọn. Ẹnìkan bu lẹ́búlẹ́bú pákó lé ojú egbò náà pé òun fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ìyẹn ni àṣìṣe kẹta. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bàbá Béjidé ló bọ́ agbádá rẹ̀, ó ká a, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn ṣe é ni. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn nínú takisí tí wọ́n dá dúró, títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n gbé Ọdúntán wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Olúmúyìwá fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí dókítà tó jáde sí wọn. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, Dókítà Làbákẹ́, tí kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ó sọ fún wọn pé ọkùnrin náà kò ní kú. Phebe jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni dókítà bèèrè ẹni tó yọ irin náà.

Olúmúyìwá ní òun ni.

“Mo mọ̀ pé o fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni,” dókítà wí. “Ṣùgbọ́n bí irin bá wọ ara èèyàn tó sì há síbẹ̀, ẹ má fà á yọ. Irin yẹn gan-an ló ń dí ojú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ há a yíká kó má bàa mì, kí ẹ sì máa gbé ẹni náà bọ̀.”

“Tó bá wá ti yọ ńkọ́, dókítà?”

“Ẹ ṣe ohun tí bàbá yìí ṣe. Ẹ ká aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò náà gidigidi, ẹ má ṣí i wò títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má fi ohunkóhun sí i. Ì báà ṣe kẹrosíìnì, ì báà ṣe ewé, ì báà ṣe lẹ́búlẹ́bú pákó. Ó pẹ́ gan-an kí a tó fọ pákó yẹn kúrò nínú ẹran ara rẹ̀.”

Ó tún là á yé wọn pé ìdọ̀tí tó bá irin wọlé lè fa àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó máa ń so àgbọ̀n èèyàn pa tí kò ní lè la ẹnu, tó sì máa ń pa èèyàn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Ó ní ẹni tí irin bá gún gbọ́dọ̀ wá gbà á kíá, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré, kó má sọ pé ó ti jinná. Wọ́n ti fún Ọdúntán ní tirẹ̀.

Gbogbo èyí yé wọn. Ohun tí kò yé àwọn kan nínú ẹbí ni bí àna ṣe lè dé ibi iṣẹ́, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn. Ìyá Ọdúntán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń lá àlá burúkú. Ó ní kì í ṣe ojú lásán. Ó pe Phebe sí kọ̀rọ̀, ó kìlọ̀ fún un pé òun kò fẹ́ rí baba rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìpẹ́rindó. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dákẹ́ bí bàbá bá ti ń bọ̀. Bàbá Béjidé gbọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n kò wá sí ilé ìwòsàn mọ́, kò sì jókòó sí iwájú nínú ìjọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Bí àwa èèyàn bá ti fi ohun tó mú síbi tí kò yẹ, tó sì gún wa, a ó máa wá ẹni tó rán an. Àjẹ́ wo ló ń tẹ̀lé káfíńtà gun òrùlé, nígbà tí káfíńtà fúnra rẹ̀ ti pọ́n irin tán tó sì dojú rẹ̀ kọ ara rẹ̀?

Ọdúntán gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó.

“Màámi, ẹ fi bàbá sílẹ̀,” ó wí. “Bàbá kọ́ ló fi ṣísẹ́ẹ̀lì sí mi níbàdí. Èmi ni. Gbogbo ṣòkòtò mi ló ti sọ fún mi, mo ní kí ìyàwó mi máa lẹ̀ ẹ́.”

Ọdúntán ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá, bàbá sì wá.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé irin náà já iṣan kan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí itan, èyí tó ń jẹ́ kí orúnkún dúró. Wọ́n ti rán an, ó lè bọ̀ sípò díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Kó máa na ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ọdúntán ń nà án. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí Phebe ti lọ sí ọjà, ó gbé àkàbà ti ògiri ẹ̀yìn ilé, ó gbé ẹsẹ̀ lé igi ìsàlẹ̀, ó ní kí òun gbé ara òun sókè. Orúnkún náà yẹ̀. Ó ṣubú lu ògiri. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún yẹ̀. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ àkàbà títí ìyàwó rẹ̀ fi dé.

Ọjọ́ náà ló sọ pé òun fẹ́ ṣe àkọ̀. Phebe rò pé ó ń ṣàròyé ni. Ọdúntán ní bí òun kò bá tiẹ̀ ní gun òrùlé mọ́, Olúmúyìwá ń gùn ún, ìbàdí sì ni ṣísẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ wà di òní.

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe àkọ́kọ́. Phebe gé ṣòkòtò jíǹsì àlòkù kan, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi awọ báàgì àtijọ́ gbè é nínú, ó fi ẹ̀rọ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dára lójú. Ọdúntán gbé e kọ́ bẹ́líìtì, ó fi rìn káàkiri àgbàlá. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnu irin ti jẹ òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti yọ síta bí ehín eku. Phebe tú u wò, ó sì rí i pé òwú ló kọ́kọ́ já. Ó ní aṣọ ni òun mọ̀ ọ́n rán, èyí kì í ṣe iṣẹ́ aṣọ.

Ọmọ ìjọ wọn kan ló júwe Mùyídéènì fún wọn ní Òṣogbo. Ìran wọn ló ń ṣe iṣẹ́ awọ. Òun ló ń ṣe àkọ̀ ọ̀bẹ fún àwọn alápatà, tó sì ń ṣe àkọ̀ àdá fún àwọn ọdẹ. Bàbá Béjidé ló ní òun á tẹ̀lé Ọdúntán lọ, torí kò ní lè dá gun mọ́tò kó sì dá sọ̀. Wọ́n lọ. Bàbá di apá rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n sọ̀ ní garéèjì, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù náà.

Mùyídéènì kí wọn káàbọ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún wọn ní àga. Ó yẹ àkọ̀ aláṣọ náà wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọwọ́ tó rán an dára, ohun tí wọ́n fi rán an ni kò dára.

“Ohun àkọ́kọ́ ni awọ,” ó wí. “Awọ màálù tó nípọn ni, irú èyí tí a fi ń ṣe bẹ́líìtì tàbí àtẹ́lẹ̀ bàtà. Awọ báàgì, awọ ewúrẹ́, ọjọ́ kan ni irin máa jẹ ẹ́.”

Ó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì sórí bébà, ó fi pẹ́ńsùlù yí i ká. Lẹ́yìn náà ló fi ìbú àtàǹpàkò kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí awọ fúnra rẹ̀ nípọn, bí èèyàn bá gé e ní ìwọ̀n irin gan-an, irin kò ní wọlé. Ó gé awọ méjì tó dọ́gba. Ó rì wọ́n bọ omi títí wọ́n fi rọ̀, ó fi ọ̀rá wé ṣísẹ́ẹ̀lì kó má dípẹtà, ó sì fi ọwọ́ tẹ awọ náà mọ́ ọn lára kó lè mú ìrísí rẹ̀. Ó ní abẹ́ ibòji ni kó ti gbẹ. Bí a bá sá a sí oòrùn, á le á sì sán. Ó ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì padà wá.

Nígbà kejì tí wọ́n lọ yìí ni Ọdúntán rí ohun tó wù ú jù nínú iṣẹ́ náà. Mùyídéènì gé ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tò ó sí àárín awọ méjèèjì, ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìdí, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀.

“Ibi tí tiyín ti bàjẹ́ nìyí,” ó wí. “Nínú tiyín, ojú òwú ni ẹnu irin ń lọ bá. Nínú tèmi, ọ̀já yìí ló máa bá, kò sì ní rí òwú.”

Ó lu ihò sí i tẹ̀lé ara wọn, ó fi ìda pa òwú, ó sì fi abẹ́rẹ́ méjì rán an, tí ọ̀kan ń wọlé tí èkejì ń jáde nínú ihò kan náà, kó jẹ́ pé bí ojú ibì kan bá já, ìyókù kò ní tú. Ọdúntán náà kò dákẹ́. Ó ní kó jẹ́ kí ọrùn èèkù jókòó sí ẹnu àkọ̀, kí ẹnu irin má bàa kan ìdí rẹ̀ rárá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ̀ á máa kú. Mùyídéènì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn àkọ̀ náà, ó rán ojú ibi tí bẹ́líìtì máa gbà kọjá. Lókè, ó fi okùn awọ kékeré kan sí i, tó máa dá èèkù mú, tó sì ní bọ́tìnnì, kí ṣísẹ́ẹ̀lì má bàa já bọ́ lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí bí káfíńtà bá tẹ̀. Ó kìlọ̀ pé bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n yọ irin kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n fi òróró pa á, torí awọ máa ń mu omi, omi sì máa ń jẹ irin.

“Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa gbé e kọ́,” ó wí. “Ẹ̀gbẹ́ itan, kó lọ sẹ́yìn díẹ̀. Kó má sí níwájú rárá. Ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ mi láì dán an wò. Ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ lé e.”

Ó lè jókòó, ó lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹni méjì ló máa gbé e dìde. Mùyídéènì rí ojú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí bẹ́líìtì náà pé kí òun dán an wò.

“Fi sílẹ̀, ọmọ mi,” Bàbá Béjidé wí. “Ùwọ kọ́. Èmi ni mo mú kó máa dọ̀bálẹ̀.”

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó de bẹ́líìtì náà mọ́ ìbàdí, tòun ti ṣísẹ́ẹ̀lì nínú àkọ̀. Ọdúntán rí ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, pé èèwọ̀ ni. Bàbá ti kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì na gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín àgékù awọ, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀ níwájú bàtà ọkọ ọmọ rẹ̀.

Ọdúntán fẹ́ dìde kó gbé e. Ó di àga mú, ó fa ara rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó padà jókòó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Baba ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì lè dìde láti gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Bàbá pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ kéèyàn pẹ́ láti fi dán àkọ̀ wò lọ. Nígbà tó dìde, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ wò. “Kò gún mi,” ó wí. Mùyídéènì sún mọ́ ọn. Ó bá a gbọn aṣọ rẹ̀.

Nígbà ìpàdé ẹgbẹ́ káfíńtà ní Iléṣà, Ọdúntán gbé àkọ̀ náà lọ, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é àti ohun tí dókítà sọ. Àwọn kan fi í ṣẹlẹ́yà. Wọ́n ní ṣé àwọn wá di ọlọ́pàá ni, tí àwọn á fi máa gbé nǹkan kọ́ ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò gún ara òun rí. Ọdúntán ní bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń sọ tẹ́lẹ̀. Olúmúyìwá ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun ṣe tòun. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, kì í ṣe gbogbo wọn. Títí di òní, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìbàdí ṣe àkọ̀, tí ìyàwó wọn sì ń lẹ ṣòkòtò.

Ilé tó wà ní Ìmọ̀ yẹn, Olúmúyìwá ló parí òrùlé rẹ̀. Ọdúntán kò gun òrùlé mọ́. Ó ń ṣe àga àti fèrèsé ní ìsàlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì dára, ó sì ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kan òrùlé ládùúgbò, á jáde síta, á gbé ojú sókè, á máa fi ìka júwe fún àwọn tó wà lókè pé igi báyìí kò wọ inú ara wọn dáadáa. Wọn kì í sábà gbọ́ ohun tó ń sọ, torí ariwo hámà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí o bá ń ṣiṣẹ́ igi, wo ìbàdí rẹ nísinsìnyí. Wo àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ pẹ̀lú, níbi tí o máa ń ti ọ̀bẹ àti ìṣó bọ̀. Bí aṣọ rẹ bá ti ń ya níbẹ̀, ara rẹ ló kàn. Kò dìgbà tí o bá dé Òṣogbo. Aránbàtà tó wà ládùúgbò rẹ lè ṣe é bí o bá ṣàlàyé fún un bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Bí o bá jẹ́ ìyàwó káfíńtà, má kàn lẹ ṣòkòtò náà kí o gbé e fún un. Bí o bá sì jẹ́ àgbà, tí ọmọ ẹni ń sọ̀ bọ̀ láti orí iṣẹ́ láti wá kí ọ, sọ fún un pé kó kọ́kọ́ kó irin rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ìkíni rẹ kò ní lọ síbì kan.

Ṣe é lónìí. O kò mọ ẹni tí o bọ̀wọ̀ fún tó lè yọ sí ọ lọ́la.